Bí A Ṣe Ń Fi Hypnosis Mú Ìrora Tí Kò Lọ Bọ̀rọ̀ Rọlẹ̀: Ìtọ́sọ́nà Fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Máa Ṣe É Fúnra Rẹ̀ Nílé

Ìbéèrè kan náà ni ó ń dé ọ̀dọ̀ mi láti oṣù dé oṣù. Ẹni tí ẹ̀yìn ti ń ro láti ọdún mẹ́ta, ẹni tí orúnkún kò jẹ́ kí ó sùn, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ SS, gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé hypnosis lè dín ìrora kù, àti bí ènìyàn ṣe lè ṣe é nílé láìná owó tí kò ní. Ìdáhùn mi ni pé ó ń dín in kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn, àti pé iṣẹ́ tí a ń kọ́ ni, bí a ti ń kọ́ ìránṣọ: ọwọ́ kì í mọ́ ọn ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i tọkàntọkàn yóò mọ̀ bóyá ó bá òun lára mu. Ìrora tí mo ní lọ́kàn níhìn-ín ni èyí tí ó ti lé ní oṣù 3, nítorí ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Ohun tí ó jẹ́, àti ohun tí kì í ṣe

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lé ẹ̀rù lọ. Hypnosis kì í ṣe gbẹ̀tugbẹ̀tu, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kò sì ní oògùn kankan nínú. Ó jẹ́ ipò tí ọkàn ń wà nígbà tí ó bá dúró sórí ohun kan ṣoṣo tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo ìta fi ń jìnnà sí i, bíi ti ọmọ tí àlọ́ ti wọ̀ lára tí kò gbọ́ pé wọ́n ń pe òun. Ẹ óò máa gbọ́ràn, ẹ óò mọ ibi tí ẹ wà, ẹ sì lè lajú nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́. Nínú ìparọ́rọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún ara máa ń wọlé ju bí ó ti ń wọlé lọ́jọ́ mìíràn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní ọ̀rọ̀ ìdarí nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Ìrora ní ojú méjì: bí ó ti le tó, àti bí ó ti ń ni wá lára tó. Nínú ìwádìí tí Pierre Rainville àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1997, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ àwọn ènìyàn tí wọ́n ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná lábẹ́ hypnosis. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìdarí bá sọ pé ìnira omi náà pọ̀ sí i tàbí pé ó dínkù, apá ọpọlọ kan tí ó jẹ mọ́ ìnira, anterior cingulate cortex, a máa yí padà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n apá tí ń gba ìròyìn ìfọwọ́kàn àti ooru láti ara kò yí padà bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fi pípòórá ìrora ṣe ohun tí ẹ ń lépa. Kí ìrora wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má lè gba oorun, iṣẹ́ àti ẹ̀rín lọ́wọ́ yín mọ́, ìyẹn ni ọwọ́ lè tẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá

Ìrora tí a kò tíì mọ ìdí rẹ̀ kò yẹ ní ohun tí a ń pa lẹ́nu mọ́. Ẹ rí dókítà ná. Bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá ń ṣe yín, ẹ gbé ìtọ́sọ́nà yìí sílẹ̀ kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lónìí:

- ìrora àyà, tàbí èémí tí kò já gaara;
- ẹ̀yìn ríro pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò lágbára mọ́, abẹ́ tí ń kú, tàbí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tí ẹ kò lè mú dúró mọ́;
- ìrora pẹ̀lú ibà, tàbí pẹ̀lú ara tí ń rù láìnídìí;
- ìrora tuntun lára ẹni tí ó ti ní àrùn jẹjẹrẹ rí;
- orí fífọ́ òjijì tí ó le ju èyíkéyìí tí ẹ ti ní rí lọ.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dá a ṣe láìsí onímọ̀ ìlera lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ tàbí tí ó ti ní àìsàn ọpọlọ tí ó mú kí ó ṣìnà kúrò nínú òtítọ́, ẹni tí wárápá ń ṣe, àti ẹni tí ìrántí ibi kan, bí ìfipábánilòpọ̀ tàbí ìjàǹbá ọkọ̀, máa ń ya bò ó nígbà tí ó bá pa ojú dé.

Ní ti oògùn, ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín gé e kù nítorí pé ara ti ń rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹni tí ó ti ń lo tramadol tipẹ́ tí ó dá a dúró lójijì lè rí ìwárìrì, òógùn, àìsùn àti ìdààmú ọkàn tí yóò mú ìrora náà burú sí i. Bí ẹ bá fẹ́ dín in kù, ẹ gbé àkọsílẹ̀ ìrora yín lọ fún dókítà kí ẹ jọ ṣe é díẹ̀díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ìrora náà sílẹ̀ fún ọjọ́ 7

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ mú ìwé kékeré kan. Láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ẹ fún ìrora náà ní òǹkà láti 0 dé 10: 0 ni pé kò sí, 10 sì ni èyí tí ó burú jù tí ẹ lè fojú inú rí. Ẹ kọ òǹkà kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún bí ó ti ni yín lára tó. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ sùn, àti ohun kan tí ìrora kò jẹ́ kí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà, bíi gbígbé ọmọ tàbí dídúró nídìí iná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí. Bí kò bá sí i, ìrántí yóò tàn yín jẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí pé ọjọ́ búburú kan ṣoṣo lè pa ọjọ́ rere mẹ́fà rẹ́ nínú ọkàn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pe ìrora náà ní orúkọ tí ó ń jẹ́

Ibí yìí ni èdè wa ti ràn wá lọ́wọ́ gidigidi. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ ìrora: orí a máa fọ́, inú a máa run, ẹ̀yìn a máa ro, egbò a máa ta, ẹsẹ̀ a máa jóni, ihà a máa gúnni. Ẹsẹ̀ tí ń jóni àti ẹsẹ̀ tí ń roni kì í ṣe ìrora kan náà, àwòrán tí yóò sì tu ọ̀kan lára lè ṣàìtu èkejì lára. Ẹ jókòó, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ tí ó bá tiyín mu gan-an, kí ẹ wá yan àwòrán tí ó lòdì sí i:

- Èyí tí ń jó tàbí tí ń ta: ẹsẹ̀ nínú odò tí ó mọ́, ewé tí ìrì sẹ̀ sí tí a tẹ́ lé ibẹ̀.
- Èyí tí ń ro, tí ó wúwo: aṣọ tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a gbé lé e, tàbí ẹrù orí tí ẹnìkan ń bá yín sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.
- Èyí tí ń fún: gèlè tí ó le jù tí ẹ ń tú. Àwòrán yìí dára púpọ̀ fún orí tí ó ń fọ́ bí ẹni pé wọ́n dì í ní okùn.
- Èyí tí ń gún: ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀ títí kò fi lè gé ẹran mọ́.
- Èyí tí kò ní orúkọ: rédíò tí ẹ ń dín ohùn rẹ̀ kù, láti 8 sí 7, láti 7 sí 6.

Kí àwòrán náà ti inú ayé yín wá. Ẹni tí odò ti fẹ́ gbé lọ rí kò gbọdọ̀ lo odò. Ẹni tí orúnkún ń ro, mo máa ń gbà á níyànjú pé kí ó má ṣe lo àwòrán àtẹ̀gùn tí ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́pọ̀ nínú ohùn hypnosis tí wọ́n ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí orúnkún rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra láti àtẹ̀gùn kìíní.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìdarí yín ní èdè tí ẹ fi ń sunkún

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń wá ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń yà wá lẹ́nu pé kò wọlé. Èdè tí wọ́n fi rẹ̀ yín lẹ́kún nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, òun ni ara ń tètè gbọ́. Ìlànà tí mo ń tẹ̀lé ni ìwọ̀nyí:

1. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ má sọ ohun tí ẹ kò fẹ́. "Ẹsẹ̀ mi ń tutù" dára ju "ẹsẹ̀ mi kò jó mi mọ́" lọ, nítorí pé gbólóhùn kejì tún dárúkọ iná náà.
2. Ẹ lo "ń", ẹ má lo "ti". Bí ẹ bá ní "ẹ̀yìn mi ti rọ̀", ọkàn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò rí i pé irọ́ ni, yóò sì kọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ní "ẹ̀yìn mi ń rọ̀", kò sí ẹni tí ó lè jiyàn, nítorí ohun tí ń lọ lọ́wọ́ ni.
3. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ara: "ó lè jẹ́ èjìká ni yóò kọ́kọ́ rọ̀, ó sì lè jẹ́ ọwọ́." Èyí tí ó bá ṣẹlẹ̀, ó bá ọ̀rọ̀ yín mu.
4. Ẹ fi gbólóhùn kan kún un fún lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá dìde: "Nígbàkígbà tí mo bá fi àtàǹpàkò kan ìka tí ó tẹ̀lé e, ìtura yìí ń padà wá."
5. Ẹ má ṣe kọ pé ẹ kò ní mọ ìrora kankan mọ́. Ìrora tuntun jẹ́ ìkìlọ̀, a sì fẹ́ máa gbọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Bí ohun tuntun bá ṣẹlẹ̀ lára mi, èmi yóò mọ̀ ọ́n."

Àwọn kan ń bèèrè bóyá èyí tako ẹ̀sìn wọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè fi ẹsẹ Sáàmù tàbí gbólóhùn àdúrà tí ó mọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ títí èémí rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Kò pọn dandan pé kíka òǹkà, bí ẹ óò ti rí i ní Ìgbésẹ̀ 4, ni a fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gbà á sórí fóònù

Ẹ kà á ní ìdajì eré tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀, kí ẹ sì dákẹ́ fún èémí méjì láàárín gbólóhùn. Bí ohùn ara yín kò bá dùn mọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fọkàn tán kà á, kí ó sì fi "o" rọ́pò "mo". Ìṣẹ́jú 15 tó. Bí ẹ ò bá fẹ́ kọ tiyín lónìí, ẹ lè fi èyí bẹ̀rẹ̀, tí mo kọ fún ẹ̀yìn ríro:

"Mo jókòó. Àga ń gbé ìwúwo mi. Ilẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ mi. Kò sí ibi tí mo ń lọ báyìí, kò sí ẹni tí ń dúró dè mí. Mo ń wo ojú ibi kan lára ògiri, ìpéǹpéjú mi ń wúwo, bí ó bá sì wù wọ́n, wọ́n ń padé. Èémí ń wọlé, èémí ń jáde, bí èémí kọ̀ọ̀kan sì ti ń jáde ni èjìká mi ń balẹ̀. Mo ń ka òǹkà láti mẹ́wàá bọ̀ wá sí ọ̀kan, bí mo sì ti ń kà á ni ariwo ìta ń jìnnà. Mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ. Kò sí ìkánjú. Méje. Mẹ́fà. Márùn-ún. Mẹ́rin. Ọwọ́ mi wúwo pẹ̀lú ìtura. Mẹ́ta. Méjì. Ọ̀kan.

Mo wà lábẹ́ òjìji igi kan tí mo mọ̀. Ẹrù kan wà lẹ́yìn mi tí mo ti rù wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹnìkan tí ó fẹ́ràn mi ti dé ẹ̀yìn mi, ó ń bá mi gbá a mú. Bí mo ti ń mí jáde, ó ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn mi ń nà. Ooru pẹ̀lẹ́ kan ń tàn ká ibi tí ẹrù náà wà. Mo ń gbọ́ ìrora náà bí ẹni tí ń gbọ́ ìlù abúlé kejì. Ó wà níbẹ̀, ọ̀nà sì jìn sí i. Bí ohun tuntun bá ṣẹlẹ̀ lára mi, èmi yóò mọ̀ ọ́n. Nígbàkígbà tí mo bá fi àtàǹpàkò kan ìka tí ó tẹ̀lé e, ìtura yìí ń padà wá.

Nígbà tí mo bá ka òǹkà dé márùn-ún, èmi yóò lajú, ara mi yóò jí, ìtura yóò sì bá mi dìde. Ọ̀kan. Méjì. Agbára ń padà sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Márùn-ún."

Fún alẹ́, ẹ gé ìpínrọ̀ ìkẹyìn kúrò kí oorun lè gbé yín lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

1. Ẹ yan àkókò tí ìrora kò tíì le, bíi nígbà tí ó wà ní 3 tàbí 4.
2. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n má pè yín fún ìṣẹ́jú 20.
3. Ẹ jókòó, tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀ bí jíjókòó bá ń ro yín. Ẹ má ṣe é nínú ọkọ̀ tí ẹ ń wà, nítòsí ààrò, tàbí pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ ní àyà.
4. Ẹ fi ohùn náà sí etí. Ariwo jẹnẹrétọ̀ kò ba nǹkan jẹ́, ẹ lè sọ ọ́ di ara ọ̀rọ̀ ìdarí: "bí mo ti ń gbọ́ ìró yẹn, ni mo ń balẹ̀ sí i."
5. Bí ọkàn bá lọ sí ọjà, ẹ mú un padà láìbá a jà.
6. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó dìde, pàápàá bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín bá máa ń lọ sílẹ̀, kí òòyì má baà kọ́ yín. Ẹ kọ òǹkà tuntun sínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ kọ́ èyí tí ó kúrú

Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ máa fi ìṣẹ́jú kan péré ṣe é nígbà márùn-ún tàbí mẹ́fà lóòjọ́: ẹ fi àtàǹpàkò kan ìka, ẹ mí jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ rí àwòrán yín, ẹ sọ gbólóhùn kan, ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Èyí ni yóò wúlò fún yín nínú ilé ìfowópamọ́ tàbí lórí ìlà níbi tí kò sí àga. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìtura tí a kò tíì kọ́ kò ní padà wá bí a bá pè é.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Èkíní, tí èmi fúnra mi ṣe fún bí oṣù kan, ni pé a máa ń dúró di ìgbà tí ìrora bá dé 8 tàbí 9 kí a tó gbé fóònù. Kò sí ẹni tí ń kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tí ó kún. Ẹ kọ́ ọ nígbà tí omi bá dákẹ́.

Èkejì ni ṣíṣọ́ ìrora náà: "ṣé ó ti ń lọ? ṣé ó ti lọ?" Bí ẹ bá ti ń bèèrè, orí ìrora ni ọkàn ti padà sí. Ẹ fi ìbéèrè sílẹ̀ fún ìwé.

Ẹ̀kẹta léwu jù: ọjọ́ tí ara bá tuni ni a ń fọ gbogbo aṣọ ilé, tí a ń gbé omi, tí a ń rìn dé ibi tí a kò dé láti ọdún kan. Ara tí ó tuni kò tíì di ara tí ó lágbára. Ẹ fi díẹ̀díẹ̀ kún iṣẹ́.

Fún ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde

Ní 1997, David Dinges àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn yìí tí wọ́n kọ́ ní hypnosis àdáṣe. Iye ọjọ́ tí ìrora fi ń ṣe wọ́n dínkù, òru tí wọn kò rí oorun sùn dínkù, oògùn ìrora tí wọ́n ń lò náà sì dínkù. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ìrora tí kò le púpọ̀ ni ó kúrò. Ní ọjọ́ tí ìrora bá dé, wọ́n ṣì nílò oògùn wọn. Nítorí náà, ọ̀nà yìí wà fún ọjọ́ lásán, kò sì rọ́pò ilé ìwòsàn nígbà tí ìrora bá gbóná.

Ẹ lo àwòrán ìlọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ má lo ti omi tútù, nítorí pé òtútù wà lára ohun tí ń fa ìrora wọn. Fún ọmọdé, ẹ sọ ọ́ di àlọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ibà, ìrora àyà, èémí tí ó ń le, ojú tí ó funfun lójijì, ikùn tí ó wú, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tí kò ṣeé gbé, tàbí okó tí ó le tí kò rọ̀ bá wáyé, ilé ìwòsàn ló kàn láìfi àkókò ṣòfò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn wé ọjọ́ 7 àkọ́kọ́. Bí òǹkà bá fi 2 lọ sílẹ̀, tàbí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn olùwádìí ka ìyẹn sí ìyàtọ̀ gidi. Bí òǹkà ìrora kò bá yí padà ṣùgbọ́n tí òǹkà ìnira lọ sílẹ̀, tàbí tí ẹ ń sùn dáadáa, ẹ má ṣe kà á sí òfo. Ẹ máa bá a lọ.

Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Nínú àkójọ 85 ìdánwò tí ó jáde ní 2019, lórí ìrora tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ ní yàrá ìwádìí, àwọn tí ọkàn wọn ń tètè gba ọ̀rọ̀ ìdarí rí ìdínkù ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí wọ́n wà láàárín rí ìdá 29, ti àwọn yòókù sì kéré gan-an. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ àwòrán kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì dán an wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ bá onífisíò fún eré ìdárayá tí ó bá ara yín mu, tàbí onímọ̀ ìlera ọkàn tí yóò kọ́ yín bí a ṣe ń yí èrò tí ń bá ìrora rìn padà. Wọ́n sì lè jọ máa lọ pọ̀ pẹ̀lú hypnosis.

Bí ẹ bá fẹ́ olùkọ́

Ní Nàìjíríà, ẹ bèèrè ní ilé ìwòsàn fáfitì, bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó, bóyá wọ́n ní onímọ̀ ìlera ọkàn tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní Bìrìtìkó, òfin kò ní kí ẹni tí ń pe ara rẹ̀ ní hypnotherapist gba ẹ̀kọ́ kankan pàtó, nítorí náà ẹ wá ẹni tí ó tún jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ ìlera ọkàn. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ American Society of Clinical Hypnosis ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ní ìwé àṣẹ. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rí ní ìbéèrè wọ̀nyí kí ẹ tó sanwó:

- Iṣẹ́ ìlera wo ni ẹ kọ́ kí ẹ tó kọ́ hypnosis?
- Ṣé ẹ óò kọ̀wé sí dókítà mi?
- Ìgbà mélòó ni ẹ rò pé a óò ríra, èló sì ni gbogbo rẹ̀?
- Ṣé ẹ óò gba ohùn sílẹ̀ fún mi kí n lè máa dá a ṣe nílé?

Ẹni tí ó bá ṣèlérí pé ìrora yóò lọ pátápátá ní ọjọ́ kan, tàbí tí ó ní kí ẹ da oògùn yín nù, tàbí tí ó ní òun yóò fi hypnosis wá ohun tí ẹ ti gbàgbé láti ìgbà èwe jáde, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀. Ìrántí tí a fipá wá báyìí lè jẹ́ èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí, ó sì ti da ìdílé rú.